Nawab Muhammad Ali ti Arcot: ṣé gbèsè ló pa á ni, àbí gbèsè ló ń dáàbò bò ó?

Akọ̀wéÀgbà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹnì kan sọ ọ́ lánàá pé Muhammad Ali Wallajah, Nawab (ìyẹn oyè ọba) Arcot, kàn jẹ́ ọba ọ̀lẹ tó ń yáwó jayé títí Gẹ̀ẹ́sì fi gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí létí. Ọkùnrin yìí wà lórí oyè Carnatic, ní gúúsù Íńdíà, láti 1749 títí ó fi kú ní oṣù kẹwàá 1795. Ọdún 46 gbáko, láàárín Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, Nizam (ọba) Hyderabad àti Hyder Ali, olórí Mysore. Ọ̀lẹ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láàárín irú àwọn wọ̀nyẹn.

Fún ẹni tí kò bá mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: bàbá rẹ̀, Anwaruddin, ṣubú lójú ogun Ambur ní 1749. Faransé ti Chanda Sahib lẹ́yìn kó gba oyè. Muhammad Ali sá wọ odi Trichinopoly, wọ́n sì dó tì í níbẹ̀. Kọ́ńpìnnì East India, ilé ìṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tó ní ọmọ ogun tirẹ̀ tó sì fìdí kalẹ̀ sí Madras, ló gbà á sílẹ̀. Ní 1751 Robert Clive, ọ̀gágun Kọ́ńpìnnì, lọ gba Arcot kí àwọn tó dó ti Trichinopoly lè pín agbára wọn sí méjì, ó sì di ìlú náà mú fún 50 ọjọ́ nígbà tí wọ́n wá ká a mọ́bẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà Paris ní 1763, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé òun ni Nawab tòótọ́.

Ṣùgbọ́n Kọ́ńpìnnì kò jagun lọ́fẹ̀ẹ́. Ètù ìbọn, oúnjẹ, owó oṣù ọmọ ogun, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sí i lọ́rùn. Ibẹ̀ ni gbèsè ti wọlé. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé ni bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an: ta ló yá a, kí ló fi dógò, kí ló dé tí kò tán?

ÌyáÌwé

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Gbèsè méjì ló wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀.

Ọ̀kan ni ti Kọ́ńpìnnì fúnra rẹ̀, ìyẹn owó ogun. Nítorí rẹ̀ ni Nawab ṣe fi àgbègbè Chingleput tó yí Madras ká lé wọn lọ́wọ́ ní 1763. Ẹ wá wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ó tún yí padà, ó gba ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ wọn, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn lórí ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí di 1780.

Èkejì ló burú. Àwọn òṣìṣẹ́ Kọ́ńpìnnì ló yá a lówó, olúkúlùkù fún àpò ara rẹ̀: akọ̀wé, ọ̀gágun, àní àwọn tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ gómìnà Madras. Ọwọ́ tó ń kọ lẹ́tà ní ọ̀sán pé kí Nawab tètè san owó ogun, ọwọ́ yẹn náà ló ń yá a lówó ní alẹ́ tí yóò fi san án. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ yọ jù nínú wọn ni Paul Benfield. Owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún kò ju ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ní 1776 ó gbé ìwé gbèsè £234,000 síwájú ìgbìmọ̀.

Ohun tí wọ́n fi ń dógò ni tankhwah, ìwé tí Nawab fọwọ́ sí pé owó ilẹ̀ àgbègbè báyìí, ní ìkórè báyìí, ti di ti lágbájá. Ẹni tó bá mọ ìwọ̀fà nílẹ̀ wa ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, orí èlé ló ń lọ, olórí owó wà níbẹ̀ digbí. Carnatic di ìwọ̀fà, àgbègbè kan lẹ́yìn òmíràn.

Dépò

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ yẹn ni kò yé mi. Ẹni tí owó ọdún rẹ̀ kò tó £500, níbo ló ti rí £234,000 yá ọba?

ÌyáÌwé

Ìbéèrè tí wọ́n bi í ní Madras náà nìyẹn, Dépò.

Apá kan jẹ́ owó àwọn ẹlòmíràn. Àwọn olówó ìlú tí wọ́n ń pè ní soucar ní owó níkàáwọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀. Wọ́n á fi owó gba ẹ̀yìn òyìnbó, orúkọ òyìnbó ni wọn yóò kọ sórí ìwé, nítorí ìwé tó bá ní orúkọ òyìnbó ni ó máa ń yá láti gbà. Dubash, ìyẹn ògbufọ̀ tó tún jẹ́ alágbàtà, ló ń so ìdí méjèèjì pọ̀.

Apá kejì kò ní owó nínú rárá. Ìwé gbèsè kan lè jẹ́ ẹ̀bùn fún ẹni tó dìbò fún Nawab nínú ìgbìmọ̀. Òmíràn jẹ́ èlé tí kò san lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n sọ di olórí owó lọ́dún yìí. Wọ́n tún lè kọ 100 sínú ìwé nígbà tí 60 ló bọ́ sọ́wọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á tà á fún ẹlòmíràn, ẹni tó rà á á sì máa pariwo pé òun kò mọ nǹkan kan, owó òun lòun ń béèrè.

Ọ̀gá_Ìṣirò

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sí i, nítorí láìsí nọ́ńbà ìtàn yìí á dà bí àlọ́.

Págódà ni owó Madras, wúrà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Fánámù 42 ló ń jẹ́ págódà kan, káàsì 80 sì ni fánámù kan. Nínú ìwé Lọ́ńdọ̀nù, ṣílè 8 ni wọ́n máa ń ka págódà kan sí. Làákì kan jẹ́ 100,000, nítorí náà làákì págódà kan jẹ́ £40,000. Ẹ di ìyẹn mú, ẹ óò lò ó títí dé òpin.

Ìwé gbèsè mẹ́ta ló lórúkọ. Àkọ́kọ́ ni ti 1767, nígbà tí wọ́n kó àwọn gbèsè kéékèèké jọ sójú kan: £880,000. Kó tó di ìgbà yẹn, èlé tó ń san ti lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n wá fà á wálẹ̀ sí ìdá 10. Èkejì ni ti àwọn ẹlẹ́ṣin ní 1777, làákì 4, ìyẹn £160,000. Ẹ̀kẹta, ní ọdún kan náà, ni èyí tó tóbi jù: £2,400,000.

Akọ̀wéÀgbà

Gbogbo rẹ̀ ní ìdá 10, àbí?

Ọ̀gá_Ìṣirò

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ti 1767 nìkan ló wà ní 10. Àwọn méjì tó kẹ́yìn wà ní 12. Tí a bá mú wọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀: £88,000 lọ́dún lórí ti 1767, £19,200 lórí ti ẹlẹ́ṣin, £288,000 lórí ti ńlá yẹn. Àpapọ̀ £395,200, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó làákì 10 págódà. Èlé lásán nìyẹn, olórí owó kò tíì yẹ̀ ní ìka kan. Ẹ fi wé iye tí wọ́n wá bù fún un ní 1792 gẹ́gẹ́ bí owó ogun gbogbo ọdún: làákì 9.

Kí ẹ lè rí bí ó ṣe ń wú: ẹ mú 100,000 ní ìdá 20, kí ẹ má san nǹkan kan, kí ẹ máa kọ èlé pọ̀ mọ́ olórí owó. Ní òpin ọdún kẹrin ó ti di 207,360. Kò sẹ́ni tó yá a ní káàsì kan kún un.

Gbèsè ẹlẹ́ṣin yẹn yẹ kí a wò ó dáadáa. Kọ́ńpìnnì ní kí Nawab tú àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ká. Kò lè tú wọn ká láìsan owó oṣù tó jẹ wọ́n, nítorí ọmọ ogun tí wọn kò sanwó fún á di ọlọ̀tẹ̀ tàbí kó lọ bá Hyder Ali. Òyìnbó mẹ́ta, Taylor, Majendie àti Call, ní àwọn yóò san án, wọ́n sì gba owó ilẹ̀ dógò. Ẹ̀sùn tí Edmund Burke fi kàn wọ́n nílé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù ni pé owó ilẹ̀ tí wọ́n gbà ni wọ́n fi san owó àwọn ọmọ ogun, nígbà tó wù wọ́n, wọ́n sì ń gba èlé lórí owó tí wọn kò tíì mú jáde. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, owó Nawab ni wọ́n yá Nawab.

Àgbẹ̀Olómi

Ẹ ti ń ka owó láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó dé oko. Oko ni owó yẹn ti ń wá.

Ìrẹsì Carnatic, adágún omi ló ń gbé e. Kì í ṣe odò tó ń ṣàn tọdún tọdún, àfi lápá Kaveri. Wọ́n á mọ bèbè amọ̀ gígùn sí ibi tí ilẹ̀ ti ń dà sílẹ̀, òjò oṣù kẹwàá sí ìkejìlá á kún un, ojú ihò kan wà nísàlẹ̀ bèbè tí wọ́n ń ṣí láti bomi rin oko. Ní ilẹ̀ Chingleput yẹn nìkan, Burke ka adágún tó lé ní 1,100 níwájú àwọn aṣòfin.

Adágún ní ìtọ́jú. Ọdọọdún ni ẹrẹ̀ ń wọ́ wọ inú rẹ̀, tí wọn kò bá kó o, ìsàlẹ̀ á máa ga, omi tó lè gbà á máa dín. Bèbè náà ń wó níbi tí màlúù ń gbà kọjá àti níbi tí eku ti gbẹ́ ihò. Ṣáájú òjò ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ dí i. Bí òjò bá bá ihò kékeré kan níbẹ̀, òru ọjọ́ kan ló máa ń gbà kí gbogbo rẹ̀ ya lọ, kí omi gbé oko tó wà nísàlẹ̀ lọ pẹ̀lú.

Ta ni yóò sanwó iṣẹ́ yẹn? Ẹni tó bá ń gba owó ilẹ̀ ni. Ẹni tó sì ní tankhwah, ìkórè ọdún kan tàbí méjì ló ní. Bó bá tún bèbè ṣe lọ́dún yìí, ẹlòmíràn ni yóò jẹ èrè rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà kò tún un ṣe. Omi dín, ìrẹsì dín, owó ilẹ̀ dín. Nawab wá ń yá sí i láti dí àlàfo yẹn, ó sì tún fi àgbègbè mìíràn dógò. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé Madras ni pé àgbègbè kò lówó mọ́. Wọn kò kọ ọ́ pé bèbè ti ya.

Nígbà ìkórè, wọ́n á pa ìrẹsì, wọ́n á kó o jọ ní òkìtì, wọ́n á lẹ ẹrẹ̀ mọ́ ọn lára, wọ́n á tẹ èdìdì lé ẹrẹ̀ náà. Tí èdìdì bá fi lè ya kí wọ́n tó pín in, àgbẹ̀ ló jẹ̀bi. Ẹni tó gbin ín, ọmọ rẹ̀ ń sunkún ebi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì, kò lè fọwọ́ kàn án títí aṣojú olówó yóò fi dé láti Madras. Òjò lè dé ṣáájú rẹ̀.

Aláròyé

Àgbẹ̀, ẹ sọ òótọ́ tó dùn mí. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ Nawab bí ẹni pé ẹran tí wọ́n ń pa ni. Ẹ jẹ́ kí n gbè é lẹ́yìn díẹ̀.

Ní 1768 ó kó wá sí Chepauk, ó kọ́ ààfin síbẹ̀, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí odi Fort St George, ibùdó Kọ́ńpìnnì ní Madras. Àwọn kan ní ẹ̀rù ogun ló lé e wá. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kò síbi tó dára ju ibẹ̀ lọ láti mọ ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀, ẹni tó nílò owó, ẹni tí yóò padà sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tó ń bọ̀. Ọba tí kò ní ọmọ ogun tó lágbára fi ìwé gbèsè kó àwọn òṣìṣẹ́ Kọ́ńpìnnì jọ bí ẹni ń kó ọmọ ogun jọ. Ẹni tí Nawab bá jẹ ní gbèsè kò ní fẹ́ kó ṣubú, nítorí bó bá ṣubú, owó náà ṣubú pẹ̀lú rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Thanjavur. Ìlú ọlọ́ràá ni, omi Kaveri ń bọ́ ọ, rájà (ọba) tirẹ̀ ló ń jẹ́ Tuljaji. Nawab ń fẹ́ ẹ. Ní 1773, ọmọ ogun Kọ́ńpìnnì gba Thanjavur, wọ́n sì fi í fún Nawab. Kí ni Nawab fi san owó rẹ̀? Tankhwah lórí ìrẹsì Thanjavur. Àwọn olùdarí Kọ́ńpìnnì ní Lọ́ńdọ̀nù bínú, wọ́n rán Lord Pigot wá sí Madras pé kó dá rájà padà sórí oyè. Pigot dá a padà ní 1776. Benfield wá yọ: nínú £234,000 tó ń béèrè, £162,000 ni ti Nawab tí wọ́n fi owó ilẹ̀ Thanjavur dógò, £72,000 jẹ́ ti àwọn ará ìlú tí wọ́n fi ohun tó wà lóko dógò. Ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ ní ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn yí ọ̀rọ̀ padà. Pigot kọ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 1776, wọ́n dá kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, wọ́n mú gómìnà ara wọn.

Ẹ bá mi wo agbára ajigbèsè. Àwọn tó yá a lówó dìtẹ̀ mọ́ gómìnà Gẹ̀ẹ́sì nítorí owó tó jẹ wọ́n.

Dépò

Ṣé wọ́n pa Pigot ni?

Aláròyé

Wọn kò pa á. Ó kú sínú àhámọ́ wọn ní oṣù karùn-ún 1777, kí àṣẹ Lọ́ńdọ̀nù tó tú u sílẹ̀ tó dé. Wọ́n pe mẹ́rin nínú ìgbìmọ̀ lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, Stratton, Brooke, Floyer àti Mackay, wọ́n ní kí olúkúlùkù san £1,000. Fún àwọn ẹni tó ti ń jẹ lára owó Nawab, ẹ mọ ohun tí £1,000 jẹ́.

Akọ̀wéÀgbà

Lọ́ńdọ̀nù gan-an kò mọ́. Láti 1768 ni Nawab ti rán John Macpherson lọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú. Macpherson yìí náà ló wá di adelé gómìnà àgbà ní Íńdíà ní 1785. Benfield fúnra rẹ̀ wọlé sí ilé aṣòfin fún Cricklade ní 1780. Burke sọ pé aṣòfin 8 ni Benfield mú wọlé. Bí iye yẹn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ alátakò, kò sẹ́ni tó jiyàn pé àwọn tí Nawab jẹ lówó ní ohùn nílé yẹn, nígbà tí àgbẹ̀ Chingleput kò ní.

Ọ̀gá_Ìṣirò

Ibẹ̀ ló gbé wa dé 1785. Òfin 1784 ti pàṣẹ pé kí àwọn olùdarí Kọ́ńpìnnì yẹ gbèsè náà wò, èyí tó jẹ́ òtítọ́ àti èyí tó jẹ́ irọ́. Wọ́n ti kọ lẹ́tà sílẹ̀ pé kí wọ́n ṣèwádìí ní Madras. Henry Dundas, tó wà ní ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ Íńdíà, gba lẹ́tà náà, ó yí i padà: kò sí ìwádìí mọ́, kí wọ́n gba gbèsè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Làákì 12 págódà ni kí Nawab máa san lọ́dún. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: £40,000 lọ́nà 12, £480,000.

Bí wọ́n ṣe tò wọ́n ló yà mí lẹ́nu. Èlé gbèsè ẹlẹ́ṣin lọ́wájú, ní ìdá 12. Èlé ti ńlá 1777 tẹ̀lé e, wọ́n dín in sí ìdá 6. Ìyókù ni wọ́n wá pín sí méjì, ìdajì fún Kọ́ńpìnnì, ìdajì fún gbèsè 1767. Gbèsè tó pẹ́ jù, tó sì jọ òtítọ́ jù, ló gbẹ́yìn. Èyí tí gbogbo ènìyàn ń fura sí ló kọ́kọ́ jẹun. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 1785, Burke dìde lórí rẹ̀ nílé aṣòfin, ó sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìbò kò gbè é.

Aláròyé

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ló wà níbẹ̀, ọ̀gá. Kó tó di 1785, olúkúlùkù olówó ló nílò Nawab láàyè, nílò rẹ̀ lórí oyè, nílò ojú rere rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni tankhwah ti ń wá. Nígbà tí Dundas ti tò wọ́n sí ìlà, tí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù dúró lẹ́yìn owó wọn, kí ni wọ́n ń fi í ṣe mọ́? Ẹni tó bá ń kó owó ilẹ̀, bó jẹ́ Nawab, bó jẹ́ Kọ́ńpìnnì, owó wọn á dé. Ọjọ́ yẹn ni ààbò rẹ̀ lọ. Ó sì dà bí ìgbà tí wọ́n ṣe é lóore.

ÌyáÌwé

Aláròyé, mo gbà yín gbọ́ ní ìdajì. Ìlẹ̀kùn yẹn ti ṣí ṣáájú. Ní oṣù keje 1780 Hyder Ali sọ̀kalẹ̀ wọ Carnatic, ó sun ún. Nawab kò rówó san, bẹ́ẹ̀ ni Kọ́ńpìnnì ń jagun. Ní òpin 1781 Lord Macartney, gómìnà Madras, gba owó ilẹ̀ gbogbo Carnatic sọ́wọ́ Kọ́ńpìnnì, ó ń fún Nawab ní ìdá kan nínú mẹ́fà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n rí i pé àwọn lè gba owó náà láìsí òun láàárín. Lóòótọ́, Lọ́ńdọ̀nù ní kí wọ́n dá a padà fún un ní 1785, Macartney bínú fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó yá a lówó jà fún un kó lè rí i gbà padà, ìyẹn fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yín múlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tọ́ ọ wò.

Ohun tó dun èmi jù ni 1792. Cornwallis, gómìnà àgbà, bá a ṣe àdéhùn: làákì 9 págódà fún ọmọ ogun, 621,105 fún àwọn olówó. Bí owó bá pẹ́, Kọ́ńpìnnì á gba àwọn àgbègbè kan tí wọ́n dárúkọ sínú ìwé. Bí ogun bá dé, wọ́n á gba gbogbo rẹ̀. Nawab kò sì gbọdọ̀ fi àwọn àgbègbè yẹn dógò fún ẹnikẹ́ni.

Kí wá ni ó ṣe? Ó ń san owó Kọ́ńpìnnì lásìkò, gégé. Nígbà tí Lord Hobart dé Madras gẹ́gẹ́ bí gómìnà, ó ṣèwádìí ibi tí owó ti ń wá: àwọn òyìnbó Madras ń yá a ní gbogbo ìgbà tí owó bá tó san, ó sì ń fi àwọn àgbègbè tí ìwé kà léèwọ̀ yẹn gan-an dógò. Kó má bàa pàdánù àgbègbè nítorí pé kò san, ó fi àgbègbè dógò láti lè san. Hobart fẹ́ gbà wọ́n lójú ẹsẹ̀, gómìnà àgbà, Shore, kò gbà fún un.

Dépò

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ nígbà tó kú?

Akọ̀wéÀgbà

Ọmọ rẹ̀ Umdat ul-Umara jọba lẹ́yìn rẹ̀, ó sì jogún ìwé gbèsè. Nígbà tí Kọ́ńpìnnì ṣẹ́gun Tipu Sultan, ọmọ Hyder Ali, ní Seringapatam ní 1799, wọ́n ní àwọn rí lẹ́tà nínú ààfin rẹ̀ tó fi hàn pé Nawab àti bàbá rẹ̀ ti ń bá a sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ohun tó wà nínú lẹ́tà wọ̀nyẹn, ìkíni pọ̀ jù ọ̀tẹ̀ lọ lójú tèmi. Wọ́n dúró. Umdat kú ní oṣù keje 1801, wọ́n gbé ìwé síwájú ọmọ rẹ̀, Ali Hussain, ọmọ náà kọ̀. Wọ́n lọ bá ọmọ àbúrò Umdat, Azim-ud-Daula, ìyẹn fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 31 oṣù keje 1801. Gbogbo Carnatic di ti Kọ́ńpìnnì. Ìdá kan nínú márùn-ún owó tó kù lẹ́yìn ìnáwó ni tirẹ̀, oyè orúkọ lásán sì ni tirẹ̀.

Ẹ wo ẹni tó jẹ́ gómìnà Madras lọ́dún yẹn: Edward Clive, ọmọ Robert Clive. Bàbá gba Arcot ní 1751 kí Muhammad Ali má bàa pàdánù ìlú. Ọmọ gba ìlú lọ́wọ́ àrólé rẹ̀ lẹ́yìn 50 ọdún.

Ọ̀gá_Ìṣirò

Gbèsè kò bá oyè lọ o. Ní 1805 wọ́n yan àwọn tí yóò yẹ ìwé gbogbo wò, iṣẹ́ yẹn gba ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n ka ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè tán, ó lé ní mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn. Èyí tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ òtítọ́ kò tó mílíọ̀nù 3. Dépò, ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ nìyẹn: kò ní owó yẹn, kò sì nílò láti ní in. Benfield fúnra rẹ̀ kú ní Paris ní 1810, òtòṣì.

Dépò

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀kọ́ wọn kò ha tó láti fi òfin dí ọ̀nà náà?

ÌyáÌwé

Wọ́n fi òfin dí i. Òfin 1797 ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kankan kò gbọdọ̀ yá ọba Íńdíà lówó láìgba àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe lò ó ní Hyderabad. Ilé owó William Palmer gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ gómìnà àgbà Lord Hastings ní 1816. Ọ̀kan nínú àwọn tó ní ìpín níbẹ̀ ni Sir William Rumbold, tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ tí Hastings tọ́. Bàbá bàbá Rumbold yìí ni Thomas Rumbold, gómìnà Madras ní 1778 sí 1780, nígbà tí gbèsè Arcot ń gbóná. Wọ́n yá ìjọba Nizam lówó tí èlé rẹ̀ ń lọ sí ìdá 24. Ní 1820 wọ́n kọ ọ̀kan tó jẹ́ làákì 60 rúpíì. Metcalfe, aṣojú Kọ́ńpìnnì níbẹ̀, ló tú u fó. Ní 1823 Kọ́ńpìnnì san gbèsè náà fún Nizam, wọ́n sì pa ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn fúnra wọn ń san fún un lórí Northern Sarkars (àwọn àgbègbè etíkun kan), làákì 7 lọ́dún, rẹ́ títí láé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó ọmọ ogun Contingent, tí Gẹ̀ẹ́sì ń darí tí Nizam ń san. Ó jẹ, ó jẹ, títí gómìnà àgbà Dalhousie fi gba Berar, ilẹ̀ òwú, lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1853 nítorí gbèsè yẹn. Ní 1860 wọ́n fagi lé làákì 50 rúpíì nínú gbèsè náà, wọ́n dá àwọn àgbègbè mìíràn padà, wọn kò dá Berar padà. Ní 1902 gómìnà àgbà Curzon sọ ọ́ di ilẹ̀ àyágbé títí ayé, làákì 25 rúpíì lọ́dún.

Aláròyé

Àgbàlagbà gbèsè ni wọ́n ń tọ́jú bí adìẹ tó ń yé ẹyin.

Àgbẹ̀Olómi

Kí n tó lọ sùn: ẹni tó bá ń wo kíríkẹ́ẹ̀tì Chennai (Madras àtijọ́), pápá Chepauk yẹn, ẹ̀bá ààfin Wallajah ló wà. Oyè Nawab Carnatic kú ní 1855 nígbà tí Ghulam Ghouse Khan kò fi ọmọ sílẹ̀. Kọ́ńpìnnì gba ààfin, ó di ọ́fíìsì ìjọba. Ní 1867 wọ́n fún ìdílé náà ní oyè Prince of Arcot, ìjọba Íńdíà ṣì ń sanwó ìfẹ̀yìntì fún un. Láti 1876 Amir Mahal ní Royapettah ni wọ́n ń gbé.

Ọ̀gá_Ìṣirò

Àtúnṣe kékeré kan sí tèmi lókè: mo kọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo £880,000 ti 1767 ṣì wà nílẹ̀ ní 1777. Nawab ti san nínú rẹ̀ ká tó dé ibẹ̀, nítorí náà èlé rẹ̀ kò ní tó £88,000 mọ́. Ẹ yọ iye tó bá wù yín kúrò nínú £395,200. Èlé àwọn méjì yòókù nìkan, £307,200, làákì 7 págódà ó lé. Ẹ jẹ́ kí Àgbẹ̀ sọ fún wa iye bèbè adágún tí ìyẹn ìbá tún ṣe.

Àgbẹ̀Olómi

Ọ̀gá, gbogbo 1,100 ti Chingleput, kí owó sì ṣẹ́ kù fún ẹni tí yóò máa pa eku.